Lẹ́tà ṣíṣí sí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń polongo ìlera: ẹ jẹ́ ká máa béèrè ohun tó lórúkọ

Ẹ̀yin èèyàn mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀yin tí ẹ ń lẹ pósítà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé báàgì kọ́rùn láti ilé dé ilé tí ẹ ń sọ fún ìyá ọlọ́mọ pé kó gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé sí ìjọba tí wọn ò sì dá yín lóhùn, ẹ̀yin ni mo kọ lẹ́tà yìí sí. Mi ò kọ ọ́ sí mínísítà kankan, mi ò kọ ọ́ sí ọ̀gá ọsibítù kankan, torí àwọn yẹn ti gba lẹ́tà tó pọ̀. Ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, torí mo gbà pé ọwọ́ yín ni nǹkan lè ti yí padà, tá a bá lè yí bá a ṣe ń ṣe é padà díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mi ò ju ẹyọ kan lọ, bó tiẹ̀ jẹ́ pé màá fẹ̀ ẹ́ lójú. Ìpolongo wa pọ̀ jù níbi tá a ti ń sọ fáwọn aráàlú pé kí wọ́n ṣe tibí kí wọ́n ṣe tọ̀hún, ó sì kéré jù níbi tó yẹ ká ti máa bi àwọn tí owó wà lọ́wọ́ wọn pé nǹkan báyìí dà, ìgbà wo ló máa dé, ta ló máa gbé e wá. À ń lé èèyàn lọ síbi ìtọ́jú, a ò kì í wo ibi ìtọ́jú ọ̀hún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Ọ̀sẹ̀ ìpolongo ẹ̀jẹ̀ ríru ni, wọ́n na bánà ńlá sẹ́nu géètì pé kí kálukú wá mọ bí ẹ̀jẹ̀ òun ṣe ń ru, wọ́n ti kéde ẹ̀ lórí rédíò, èèyàn sì jáde gan-an ni, àgbà obìnrin, àgbà ọkùnrin, àwọn tí ò wọ ọsibítù rí láti ọjọ́ yìí. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà nídìí tábìlì, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló sì wà níwájú ẹ̀. Aṣọ ẹ̀rọ yẹn tí wọ́n máa ń wé mọ́ apá, ibi tó máa ń lẹ̀ mọ́ra ti gbó, kò lẹ̀ mọ́, bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń wọnú ẹ̀ báyìí á tú pẹrẹgẹdẹ. Nọ́ọ̀sì yẹn wá wá báńdéèjì, ó ń fi so ó mọ́ apá èèyàn, ó ń fọwọ́ òsì dì í mú, ó ń fọwọ́ ọ̀tún tẹ rọ́bà yẹn, bó ṣe ń ṣe é fún ẹnì kan ló ń ṣe é fún ìkejì, òógùn ti bò ó. Èmi tí mo dúró lórí ìlà mọ̀ pé iye tó ń kọ sílẹ̀ yẹn ò lè dá òun fúnra ẹ̀ lójú. Màmá àgbà kan tó wà níwájú mi, wọ́n ní tiwọn ga gan-an, wọ́n ní kí wọ́n lọ gba oògùn lápá kejì, wọ́n débẹ̀, wọ́n ní oògùn ti tán, kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Màmá wo káàdì ọwọ́ wọn, wọ́n ká a sí méjì, wọ́n fi í sínú àpò, wọ́n ń lọ.

Mi ò bú nọ́ọ̀sì yẹn o, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n bú u, ó ṣe ju agbára ẹ̀ lọ lọ́jọ́ yẹn. Àwa tá a ṣe ìpolongo ni mò ń bá wí. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn máa jáde, ohun tá a ń wá nìyẹn, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lọ síbẹ̀ ṣáájú láti béèrè pé ẹ̀rọ mélòó lẹ ní, ṣé ó ń ṣiṣẹ́, oògùn tó wà nílẹ̀ á tó èèyàn mélòó. Ẹni tó bá tìtorí ọ̀rọ̀ wa jáde tó sì padà lọ́wọ́ òfo, ẹ má rò pé ó máa gbọ́ wa lẹ́ẹ̀kejì.

Kì í ṣe pé kíkọ́ èèyàn ò dáa, kẹ́nikẹ́ni má gbọ́ mi sódì. Tí wọ́n bá ṣe é dáadáa, ẹ̀mí ló ń gbà là. Ẹ wo ohun tí ẹgbẹ́ BRAC ṣe ní Bangladesh láti 1980 sí 1990. Ìgbẹ́ gbuuru ló ń pa àwọn ọmọ kéékèèké nígbà yẹn, omi ara wọn á kàn gbẹ tán ni. BRAC gba àwọn obìnrin síṣẹ́, wọ́n rán wọn láti ilé dé ilé, ilé tí wọ́n dé lé ní mílíọ̀nù 12, wọ́n á jókòó ti ìyá, wọ́n á kọ́ ọ bó ṣe máa po omi tó máa dá omi ara ọmọ padà, ìka mẹ́ta ni kó fi bu iyọ̀, kó bu ẹ̀kúnwọ́ ṣúgà ìrèké tí wọ́n sè nílé, kó dà á sómi tí wọ́n ti wọ̀n. Ìyá yẹn fúnra ẹ̀ ló máa pò ó lójú wọn, wọn ò ní pò ó fún un kó kàn máa wòran. Èyí tó wú mi lórí jù níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó àwọn òṣìṣẹ́ yẹn. Wọn ò wo iye ilé tí wọ́n wọ̀ nìkan kí wọ́n tó sanwó fún wọn. Tó bá ṣe díẹ̀, ẹlòmíì á lọ sí mélòó kan lára àwọn ilé yẹn, á bi ìyá pé kí lo rántí nínú ohun tí wọ́n kọ́ ẹ, báwo lo ṣe ń pò ó, ohun tí ìyá bá rántí ni wọ́n fi ń mọ iye tó tọ́ sí ẹni tó kọ́ ọ. Ẹ gbọ́ ná, ìpolongo wa mélòó ló ti padà lọ bi ẹnikẹ́ni pé kí lo rántí? Iye èèyàn tó wá àti iye fọ́tò tá a yà la máa ń kà, tá a bá kà á tán a ti ń múra fún òmíràn.

Ìdí mìíràn tí iṣẹ́ BRAC fi jẹ́ ni pé ohun tí wọ́n ní kí ìyá ṣe wà ní ìkáwọ́ ẹ̀, iyọ̀ wà nílé, ṣúgà wà nílé, kò dìgbà tó bá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú fún wa nìyẹn. Púpọ̀ nínú ohun tá à ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n ṣe ni ò sí ní ìkáwọ́ wọn. A ní kí aláboyún lọ bímọ lọ́dọ̀ agbẹ̀bí tó kọ́ṣẹ́, agbẹ̀bí ò sí lóru. A ní kí wọ́n máa fọwọ́, omi ò yọ. A ní kí wọ́n tètè lọ ṣàyẹ̀wò jẹjẹrẹ, ẹ̀rọ tó máa yẹ̀ ẹ́ wò wà nílùú tó jẹ́ ìrìn ọjọ́ kan. Tí wọn ò bá wá ṣe é, a ó ní àwọn èèyàn ò lajú, ojú wọn là, ohun tí wọ́n máa fi ṣe é ni wọn ò rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti dà bẹ́ẹ̀, ẹni tí ìkáwọ́ ẹ̀ ló wà ló yẹ ká kọjú sí. Kò sì sí ìtàn tí mo lè fi ṣàlàyé ẹ̀ tó dáa ju ti Treatment Action Campaign, TAC, lọ, ẹgbẹ́ tó ń jà kí àwọn tó ní HIV rí ìtọ́jú ní South Africa. 10 oṣù Kejìlá 1998 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Cape Town, Zackie Achmat wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, òun náà sì ní kòkòrò HIV lára. Nígbà yẹn, oògùn kan wà tó ń jẹ́ nevirapine, ìyá tó ní HIV á lò ó lẹ́ẹ̀kan nígbà tó bá ń rọbí, wọ́n á fún ọmọ náà ní tiẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn tí wọ́n bá bí i, ó máa ń dín ewu pé kí ìyá kó o ran ọmọ kù gan-an. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe é tiẹ̀ ti ní àwọn máa fún ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún 5. Àmọ́ ìjọba ní ibi méjì péré ni wọ́n ti máa fún èèyàn ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ́kọ́ fi wò ó bó ṣe máa rí. Ẹni tí ò bá gbé nítòsí ibi méjì yẹn, ó dọwọ́ ẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí TAC béèrè. Wọn ò kàn ní 'ẹ fún wa ní ìlera tó péye'. Wọ́n ní oògùn yìí, tí orúkọ ẹ̀ ń jẹ́ nevirapine, gbogbo ọsibítù ìjọba tí dókítà ibẹ̀ bá ti rí i pé aláìsàn nílò ẹ̀ ni kí wọ́n ti lè fún un, kẹ́ ẹ sì kọ ètò sílẹ̀ tó máa fi hàn bẹ́ ẹ ṣe máa mú un dé gbogbo orílẹ̀-èdè. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́, wọ́n ń rìn lójú pópó, wọ́n wọ ẹ̀wù tí wọ́n kọ HIV POSITIVE sí láyà gàdàgbà gadagba nígbà tó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n bá mọ̀ pé ó ní in, wọ́n lè lé e nílé, wọ́n lè lù ú pàápàá. Mandela náà wọ ẹ̀wù yẹn lọ́dún 2002. 5 oṣù Keje 2002 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù nípa ọ̀rọ̀ òfin ilẹ̀ náà dá wọn láre pé kí ìjọba mú ìdènà yẹn kúrò.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò kì í sọ nínú ìtàn yẹn ni ohun tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó délé ẹjọ́. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn ní ìmọ̀ oògùn, àwọn ìyá tí ò kàwé púpọ̀ kọ́ bí kòkòrò yẹn ṣe ń bá ọmọ ogun ara jà, bí oògùn ṣe ń dí i lọ́nà, ohun tí wọ́n ń pè ní CD4, ìyẹn ọmọ ogun ara tí wọ́n máa ń kà nínú ẹ̀jẹ̀, kí ni ìtumọ̀ iye tí wọ́n bá kọ fún èèyàn. Tí dókítà tàbí aláṣẹ bá ń sọ̀rọ̀, wọn ò lè fi gírámà dẹ́rù bà wọ́n. Àwọn kan náà tó gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ yìí, lọ́dún 2001 ẹ̀yìn ìjọba kan náà ni wọ́n wà nígbà tí iléeṣẹ́ oògùn bíi 39 pe ìjọba lẹ́jọ́ nítorí òfin tó máa jẹ́ kí oògùn wọ́n wálẹ̀, títí àwọn iléeṣẹ́ yẹn fi kó ẹjọ́ wọn kúrò nílẹ̀ ní oṣù Kẹrin. Ibi tí oògùn bá wà ni wọ́n ń tọ̀ lọ, ẹni yòówù kó wà lọ́nà. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ro ibẹ̀ dáadáa, torí láàárín wa, tí ẹgbẹ́ kan bá ti bá ìjọba ṣe nǹkan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan báyìí, a ó ní wọ́n ti rà wọ́n, tí wọ́n bá sì ta ko ìjọba, a ó ní olóṣèlú ni wọ́n.

Wọn ò sì lọ sílé lẹ́yìn ìdájọ́ yẹn o. Oògùn tí gbogbo ẹni tó ní HIV máa máa lò lójoojúmọ́ ni wọ́n tún kọjú sí, oṣù Kọkànlá 2003 ni ìjọba tó fọwọ́ sí ètò yẹn, ọdún 2004 ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ àwọn èèyàn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní South Africa nìyẹn, wọ́n ní ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́rọ̀. Ó dáa, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ní Thailand, òfin 1997 wọn gbà pé tí aráàlú 50,000 bá fọwọ́ sí ìwé, wọ́n lè gbé àbá òfin lọ sílé ìgbìmọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ aráàlú gba ìfọwọ́sí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ọ̀rọ̀ ìlera fún gbogbo èèyàn, òfin yẹn sì jáde lọ́dún 2002, àwọn ẹgbẹ́ yẹn náà ní àga nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí ètò náà. Ní Brazil, àwọn èèyàn tó lé ní 4,000 pàdé lọ́dún 1986 lórí ọ̀rọ̀ ìlera, ohun tí wọ́n fẹnu kò sí níbẹ̀ ló wọnú òfin ilẹ̀ wọn ti 1988 pé ẹ̀tọ́ gbogbo èèyàn ni ìlera, ojúṣe ìjọba sì ni. Nígbà tó di 1990 wọ́n tún ṣòfin mìíràn pé nínú àwọn ìgbìmọ̀ ìlera, láti ìlú kékeré títí dókè, ìdajì àga jẹ́ ti àwọn tó ń lo ọsibítù. Ìdajì o! Kì í ṣe ẹnì kan tí wọ́n pè wá jókòó sẹ́yìn kó máa pàtẹ́wọ́.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ohun tó lórúkọ nìyí. Lọ́dún 1978, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé pàdé ní Alma-Ata, wọ́n ní kí ọdún 2000 tó pé gbogbo aráyé gbọ́dọ̀ ní ìlera. Ọ̀rọ̀ tó dáa ni, èmi ò lè rí ohun tó dáa jù ú lọ. Àmọ́ nígbà tí 2000 dé tí kò rí bẹ́ẹ̀, ta la máa mú? Lọ́dún 2001, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà jókòó ní Àbújá, wọ́n ṣèlérí pé àwọn máa fi ó kéré tán ìdá 15 nínú 100 bọ́jẹ́ẹ̀tì àwọn sí ìlera, iye wà níbẹ̀ nìyẹn, ó ti sàn díẹ̀, torí ó ṣeé gbé kalẹ̀ lọ́dọọdún ká fi wọn ohun tí wọ́n ṣe, síbẹ̀ àwọn tó dé ibẹ̀ ò pọ̀. WHO, ìyẹn àjọ ìlera àgbáyé, sì sọ nínú ìròyìn 2023 pé lọ́dún 2021, èèyàn bíi bílíọ̀nù 4.5 ni ọwọ́ wọn ò tó gbogbo ìtọ́jú tó ṣe kókó, ìyẹn ju ìdajì gbogbo àwa tá a wà láyé lọ.

Torí náà, tí ẹ bá fẹ́ kọ páálí, ẹ má kọ 'Ìlera loògùn ọrọ̀' sí i kẹ́ ẹ wá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, aláṣẹ náà mọ̀ ọ́n, á bá yín pàtẹ́wọ́ sí i, á bá yín ya fọ́tò, kò sí ohun tó máa ná an. Ẹ kọ pé agbẹ̀bí méjì la fẹ́ níbi ìtọ́jú báyìí, kí ọ̀kan máa wà lóru, kó tó di oṣù báyìí, lágbájá tó wà nípò báyìí ló ní agbára láti fọwọ́ sí i. Ó máa le fún un láti pàtẹ́wọ́ sí ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló máa sọ, èyíkéyìí tó bá sì sọ, ẹ ti rí ohun tẹ́ ẹ máa dì mú.

Ẹ tún jọ̀ọ́, ẹ mọ ìgbà. Owó ìjọba ní àsìkò tí wọ́n máa ń pín in, oṣù mélòó kan ṣáájú kí ọdún ìnáwó tó bẹ̀rẹ̀ làwọn ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ti máa ń kọ ohun tí wọ́n fẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i tán báyìí, ẹni tó bá dé lẹ́yìn náà, 'a ti gbọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀' ni wọ́n máa sọ fún un. A máa ń rìn lọ́jọ́ ìlera àgbáyé, 7 oṣù Kẹrin, torí ọjọ́ WHO ni, kò burú, àmọ́ ṣé àsìkò tí wọ́n ń pín owó níbi tẹ́ ẹ wà nìyẹn? Lẹ́yìn tí wọ́n bá sì fọwọ́ sí i, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Owó tí wọ́n kọ sínú ìwé yàtọ̀, èyí tí wọ́n tú sílẹ̀ yàtọ̀, èyí tí wọ́n ná gan-an tún yàtọ̀. Mo ti rí àwọn ẹgbẹ́ tó ṣe àjọyọ̀ nítorí iye tí wọ́n kọ sínú ìwé, tí wọn ò béèrè ìkejì láéláé. Ẹ wá ẹnì kan nínú yín tó fẹ́ràn ìṣirò, ẹ fi iṣẹ́ yẹn lé e lọ́wọ́, kó máa tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin, iṣẹ́ ẹni yẹn ṣe pàtàkì ju ti ẹni tó ń di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú lọ.

Ẹ̀yìn tẹ́ ẹ bá ti bi àwọn tó ń lò ó léèrè ni kẹ́ ẹ tó pinnu ohun tẹ́ ẹ máa béèrè. Ẹgbẹ́ White Ribbon Alliance, tó ń jà fún ìlera àwọn ìyá, ṣe ohun kan tó rọrùn, wọ́n bi àwọn obìnrin àtàwọn ọmọbìnrin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 1.2 ní orílẹ̀-èdè 114 pé kí ni ohun kan tẹ́ ẹ fẹ́ jù nínú ìtọ́jú aláboyún àti ìbímọ. Èsì jáde lọ́dún 2019. Ẹni tó bá jókòó sí ọ́fíìsì lè rò pé ẹ̀rọ ńlá ńlá ni wọ́n máa sọ. Ohun tó wà lókè jù ni kí wọ́n fọ̀wọ̀ àti iyì tọ́jú àwọn, èyí tó tẹ̀ lé e ni omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ìmọ́tótó. Kí wọ́n má pariwo mọ́ mi nígbà tí mo bá ń rọbí, kí n rí omi fi wẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá bímọ. Àwa tá à ń polongo, ṣé ó tilẹ̀ ti wá sọ́kàn wa rí láti kọ ìyẹn sórí páálí?

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ yìí ò sì mọ sí yàrá ìbímọ. Nígbà tí Ebola jà ní Guinea, Liberia àti Sierra Leone lọ́dún 2014, òkú ẹni tí àìsàn yẹn pa léwu gan-an, wọ́n ní káwọn èèyàn má fọwọ́ kàn án, àwọn tó wọ aṣọ funfun á wá gbé e lọ. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkú pa mọ́, wọ́n ń sin ín lóru, wọ́n ń lé àwọn òṣìṣẹ́. Kì í ṣe òmùgọ̀ ni wọ́n. Ta ló máa fẹ́ kí wọ́n ju bàbá òun sí kòtò láìsí àdúrà? Oṣù Kọkànlá ọdún yẹn ni WHO gbé ìlànà tuntun jáde pé kí ẹbí wà níbẹ̀, kí wọ́n dúró ní ibi tí ewu ò ti sí, kí àlùfáà tàbí pásítọ̀ gbàdúrà, kí wọ́n mọ ibojì ẹni wọn, wọ́n sì ti bá àwọn aṣáájú ẹ̀sìn jókòó sọ ọ́ kí wọ́n tó kọ ọ́. Àwọn tí wọ́n ní wọ́n ń ya olórí kunkun wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn.

Mo ní láti sọ ọ̀rọ̀ kan lórí fọ́tò àti fídíò, ó sì ń dùn mí gan-an. A ti sọ ojú aláìsàn di ohun tá a fi ń fa èèyàn. Ọmọ tí egungun ẹ̀ ti hàn, obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí aṣọ ò bo ara ẹ̀ tán, a ó yà á, a ó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, a ó kọ ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ sábẹ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá béèrè, wọ́n á ní ó fọwọ́ sí i. Báwo ló ṣe fọwọ́ sí i? Ẹni tí inú ń run, tó ń wo ọwọ́ yín bóyá ẹ̀yin lẹ máa bá a sanwó oògùn, ṣé ó lè sọ fún yín pé rárá? Ọmọ yẹn á dàgbà o, á lọ síléèwé, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ á fi fóònù wá orúkọ ẹ̀, wọ́n á rí i. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ TAC tó wọ ẹ̀wù yẹn, àwọn fúnra wọn ló pinnu pé káwọn fojú hàn, wọ́n mọ ìdí, wọ́n mọ ewu ẹ̀, wọ́n ń rìn níwájú. Ìyẹn yàtọ̀ pátápátá sí kí wọ́n gbé kámẹ́rà sí ẹni tó dùbúlẹ̀ àìsàn lójú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ohun tó bàjẹ́ hàn aráyé, ẹ ya ẹ̀rọ omi tí ò yọ, ẹ ya àpótí oògùn tó ṣófo, ẹ ya ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa ní ọ̀sán gangan, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sí i. Àwọn yẹn ò ní ojú tó máa tì wọ́n.

Ẹ má sì jẹ́ ká sọ àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn agbẹ̀bí àtàwọn dókítà kéékèèké di ọ̀tá. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe jágídíjàgan sí aláìsàn, ìyẹn ò dáa, ká sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí di àárọ̀ kejì, tí wọ́n jẹ ní owó oṣù, tí kò sí ìbọ̀wọ́ tó máa wọ̀, òun náà wà lára àwọn tó yẹ ká tìtorí ẹ̀ pariwo. Ìlànà kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an lórí èyí, CARE, àjọ aṣèrànwọ́ kan, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Malawi lọ́dún 2002. Àwọn tó ń lo ibi ìtọ́jú á jókòó lọ́tọ̀, wọ́n á fún un ní máàkì lórí nǹkan tí àwọn fúnra wọn yàn, bíi bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ síni, bí oògùn ṣe ń wà, bí wọ́n ṣe ń pẹ́ kí wọ́n tó dá èèyàn lóhùn. Àwọn òṣìṣẹ́ náà á jókòó lọ́tọ̀, wọ́n á fún ara wọn ní máàkì, wọ́n á sọ ìṣòro tiwọn. Lẹ́yìn náà wọ́n á kó gbogbo wọn jọ síbì kan pẹ̀lú àwọn aláṣẹ, wọ́n á gbé ìwé méjèèjì kalẹ̀, wọ́n á wo ibi tí máàkì ti jìnnà síra, wọ́n á bi ara wọn pé kí ló fà á, wọ́n á kọ ohun tí kálukú máa ṣe àti ọjọ́ tó máa ṣe é. Tó bá tó bí oṣù 6 wọ́n á tún padà wá fún un ní máàkì. Ohun tó ń tibẹ̀ jáde lè jẹ́ nǹkan kékeré tí ò náni lówó rárá, bíi pé kí wọ́n lẹ orúkọ oògùn tó wà nílẹ̀ mọ́ ara ògiri láràárọ̀ kí èèyàn má baà jókòó di ọ̀sán kó tó mọ̀ pé kò sí. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, àwa náà gbọ́dọ̀ máa padà lọ wò ó.

Ìlera ò sì parí sínú ọsibítù, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi dá WHO sílẹ̀, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1946, sọ pé ara, ọpọlọ àti ìgbé ayé èèyàn láàárín àwọn ẹlòmíì ló para pọ̀ jẹ́ ìlera, kì í ṣe àìsí àìsàn nìkan. Lọ́dún 1854 tí kọ́lẹ́rà ń pa èèyàn ní Lọ́ńdọ̀nù, dókítà John Snow lọ káàkiri àdúgbò, ó ń kọ ibi tí ẹni tó kú ti ń pọn omi, ó rí i pé ẹ̀rọ omi kan ní Broad Street ló wà nídìí ẹ̀, ó gbé ẹ̀rí yẹn lọ bá àwọn aláṣẹ àdúgbò, wọ́n sì yọ ọwọ́ ẹ̀rọ omi náà. Irú ìbéèrè tí mò ń sọ gan-an nìyẹn, ọwọ́ ẹ̀rọ omi kan báyìí, lójú pópó kan báyìí, lọ́dọ̀ àwọn tó ní àṣẹ láti yọ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní àdúgbò tí gọ́tà ti dí tàbí tí èéfín iléeṣẹ́ ń wọlé, ẹ má dúró de ẹgbẹ́ oníṣègùn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé àti bírò tó, kẹ́ ẹ máa kọ ẹni tó ṣàìsàn, ìgbà tó ṣe é, ibi tó ń gbé.

Ohun tí mo wá ń bẹ̀ yín fún nìyí. Ní mítíìnì yín tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ tó sanwó bánà kankan, ẹ rán èèyàn méjì lọ síbi ìtọ́jú tó sún mọ́ yín, kí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti ìgbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn títí tí wọ́n á fi tì í, kí wọ́n bá aláìsàn sọ̀rọ̀, kí wọ́n bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rí. Nínú ohun tí wọ́n bá kọ, ẹ mú ẹyọ kan ṣoṣo tí ẹnì kan tẹ́ ẹ mọ ipò ẹ̀ lágbára láti tún ṣe, ẹ kọ lẹ́tà sí i, ẹ dá ọjọ́ fún un, ẹ sì kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà lọ sílẹ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ẹni tí ò bá gbà pẹ̀lú mi lórí ohun tí mo kọ yìí, kó dá mi lóhùn ní gbangba níbi tí mo ti kọ ọ́, kó sọ ibi tí kò ti gbà. Ẹgbẹ́ tó bá sì ti dán an wò tí kò ṣiṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ gbọ́ jù, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ béèrè, ẹni tẹ́ ẹ béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, àti èsì tó fún yín.

Èmi ni, ẹni yín.